Kí A Tó Yọ Dísìkì

Ọjọ́ Ajé, 5 Júùnù 1978

Àpò ìrẹsì ni wọ́n fi kó wọn wá, wọ́n sì kún gbogbo ẹnu ọ̀nà. Káàdì àwọn ọmọ tó ń lọ sí kílíníìkì Ìkòsì ni, èyí tí omi bò lóṣù tó kọjá nígbà tí odò ya wọlé bá wọn. Mátírọ́ọ̀nù Ṣọládé fúnra rẹ̀ ló tẹ̀ lé ọkọ̀ wá. Ó fa káàdì kan yọ, yíǹkì rẹ̀ ti ń ṣàn. "Ẹ wò ó, èyí tí a bá fi bírò pupa kọ nǹkan sí lórí báyìí, ọmọ tí kò gbọ́dọ̀ gba pẹnisílíìnì ni. Ìyá ẹlòmíràn ò mọ̀wé, ẹlòmíràn ò rántí. Tí káàdì yìí bá jẹrà, kí la fẹ́ máa wò ká tó gún ọmọ lábẹ́rẹ́?"

Ọ̀gá Bartholomew ní kò séwu, kọ̀ǹpútà òun yóò gba gbogbo rẹ̀ kí Ọ́gọ́sì tó parí. Ọ̀gá kì í ṣèlérí kékeré. Bàbá Fàsásì àti Hùmúàní ni yóò máa tẹ̀ ẹ́ sínú ẹ̀rọ, èmi ni n óò máa ṣọ́ dísìkì tí ẹ̀rọ ń kó ohun tí wọ́n bá tẹ̀ pa mọ́ sí.

Títí mo fi dé Kétu, ara mi ń rùn bí aṣọ tí kò gbẹ. Ọkọ mi, Bàbá Tòkunbọ̀, ní kí n kọ́kọ́ wẹ̀ kí n tó wọ yàrá. Mo ní kó lọ sùn sí pálọ̀.

Ọjọ́rú, 7 Júùnù

Bàbá Tòkunbọ̀ bi mí lóhun tó ń jẹ mí lọ́kàn tí mi ò fi gbádùn oúnjẹ. Mo ṣàlàyé fún un. Ẹ̀rọ méjì ló yẹ kó máa yí dísìkì ní ọ́fíìsì wa, ọ̀kan ti bàjẹ́ láti Ọdún Àjíǹde, ohun tí wọ́n fẹ́ fi tún un ṣe ṣì ń bọ̀ láti òkè òkun. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé àárọ̀ ni ti kílíníìkì, aago méjì ọ̀sán ni ti àwọn onítáyà, oníbàárà tí Ọ̀gá kì í fẹ́ kí eṣinṣin bà lé. Lójoojúmọ́, mo gbọ́dọ̀ yọ dísìkì kílíníìkì kí n tó gbé tiwọn sí i. Ó tóbi tó abọ́ ìfọṣọ, ó sì wúwo.

Ó ní kí ló wá le ńbẹ̀? Mo ní ẹni tó ń tẹ káàdì lọ́wọ́ nínú yàrá kejì ló le ńbẹ̀. Ohun tó ń tẹ̀ kò tíì dé orí dísìkì títí yóò fi pa káàdì náà dé nínú ẹ̀rọ. Bí mo bá yọ dísìkì mọ́ ọn lọ́wọ́, tirẹ̀ á lọ, dísìkì náà á sì dà rú, kò ní mọ ibi tó kó ti àwọn yòókù sí mọ́. Ẹ̀rọ kò lè sọ ẹni tó wà nínú rẹ̀ fún mi. Ohun tí mo lè ṣe ni kí n tẹ ìkìlọ̀, yóò hàn nísàlẹ̀ gíláàsì tó wà níwájú wọn, ẹni tó bá rí i rí i.

Bàbá Fàsásì kì í wo gíláàsì. Káàdì ló máa ń wò. Ìka méjì ló fi ń tẹ̀, yóò ṣe "Bísímílà" kó tó bẹ̀rẹ̀ ọ̀kọ̀ọ̀kan, yóò sì gbé awò ojú rẹ̀ sókè sódò títí lẹ́tà náà yóò fi mọ́ ọn lójú. Akọ̀wé rélùwéè ni kó tó fẹ̀yìn tì. Ó ń falẹ̀, àmọ́ mi ò tíì rí àṣìṣe kankan nínú iṣẹ́ rẹ̀.

Ọjọ́ Ẹtì, 16 Júùnù

Ọjọ́ burúkú. Àwọn onítáyà ti dé kó tó di aago méjì, wọ́n jókòó sí ọ́fíìsì Ọ̀gá, wọ́n ń mu mínírà. Ọ̀gá yọ orí síta: "Kúnbi, kí lò ń dúró dè?" Mo tẹ ìkìlọ̀. Hùmúàní rí i, ó pa tirẹ̀ dé. Mo lọ sẹ́nu ọ̀nà yàrá wọn, mo kúnlẹ̀, mo ní, "Bàbá, mo fẹ́ yọ dísìkì o." Bàbá ò gbójú sókè. Ó ní, "Mo ti gbọ́."

Àgbàlagbà ní òun ti gbọ́, ṣé n óò tún wá dúró sí i lẹ́yìn bíi ọlọ́pàá ni? Mo padà, mo ní sùúrù díẹ̀, mo yọ ọ́.

Bàbá pariwo nínú yàrá. "Kúnbi! Ó ti dúró o!"

Dísìkì náà kò dà rú tán, àmọ́ gbogbo ti àárọ̀ yìí ló lọ. Wọ́n tún lè tẹ èyí tó pọ̀ nínú wọn, nítorí káàdì wọn ṣì wà. Àmọ́ àwọn kan ti lẹ̀ mọ́ra, bí Bàbá ṣe ń ṣí wọn kúrò lára ara wọn ni wọ́n ń ya wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́, ẹ̀ẹ̀kan péré ló lè kà wọ́n. Ó jókòó, ó fi ọwọ́ lérí. Ó ní òun rántí ọ̀kan. Ọmọ obìnrin ni, bírò pupa wà lórí tirẹ̀, orúkọ náà ni òun ò rántí.

Ọ̀gá ní Bàbá ti darúgbó jù fún kọ̀ǹpútà. Inú bí mi gan-an.

Ọjọ́ Àìkú, 18 Júùnù

Mo ti mọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Bàbá kì í gbọ́ dáadáa mọ́. "Mo ti gbọ́" tó máa ń sọ yẹn, ó ń sọ ọ́ fún gbogbo ẹni tó bá rí i pé ẹnu rẹ̀ ń mì tàbí tí òjìji rẹ̀ bá bọ́ sórí tábìlì òun. Kò ní sọ fún ọmọ kékeré pé òun ò gbọ́. Èmi náà kò sì jẹ́ béèrè lọ́wọ́ àgbà lẹ́ẹ̀mejì. Àárín ọ̀wọ̀ àti ọ̀wọ̀ ni káàdì wọ̀nyẹn ti bá omi lọ.

Kọ́ńgò gàrí ti di náírà kan ó lé ogún kọ́bọ̀ ní Kétu. Tòmátì ò ṣeé sún mọ́.

Ọjọ́ Ajé, 19 Júùnù

Mo rí ọgbọ́n kan dá. Lọ́nà ibi iṣẹ́ láàárọ̀ yìí, mo rí Rahmon tó ń tọ́jú mọ́ṣáláṣí ẹ̀yìn ilé wa, ó fẹ́ ti ilẹ̀kùn lẹ́yìn ìrun. Kò wọlé, kò pe ẹnikẹ́ni. Ó kàn wo ilẹ̀ ẹnu ọ̀nà bóyá bàtà kan ṣì kù, ó sì ti ilẹ̀kùn.

Ní ọ́fíìsì wa náà, ẹnikẹ́ni kì í wọ bàtà wọ yàrá tí wọ́n ti ń tẹ káàdì, nítorí eruku. Níta ni bàtà Bàbá máa ń wà, sálúbàtà dúdú tí ó ti tún ṣe lẹ́ẹ̀mẹta. Láti òní lọ, bí mo bá ti rí sálúbàtà yẹn, mi ò ní fọwọ́ kan dísìkì. Mi ò sì ní bi àgbà léèrè ohunkóhun.

Ọjọ́ Ẹtì, 30 Júùnù

Sálúbàtà ń ṣiṣẹ́! Láti ọjọ́ yẹn, kò sí káàdì kan tó sọnù. Lónìí Bàbá pẹ́ díẹ̀, àwọn onítáyà ń wo aago, mo ń wo bàtà. Nígbà tí Bàbá jáde tó ki ẹsẹ̀ bọ̀ ọ́, ó ní, "Kúnbi, kí ló dé tí o ń wo ẹsẹ̀ mi bí ẹni fẹ́ rà á?" Hùmúàní rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀.

Mo ṣe ẹ̀dà dísìkì náà sórí òmíràn bí a ṣe ń ṣe ní gbogbo ọjọ́ Ẹtì, mo sì lọ sílé ní wọ́ọ́rọ́wọ́.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 11 Júláì

Òjò láti àná. Káàdì tó kù nínú àpò ti ń hu funfun. Àwọn onítáyà ní òórùn rẹ̀ ń dà wọ́n láàmú, Ọ̀gá bá pàṣẹ pé èyí tí a bá ti tẹ̀ tán, kí a máa dáná sun ún lẹ́yìnkùlé. Mo ní, "Ọ̀gá, ẹ jẹ́ ká fi sílẹ̀ di ìgbà tí a bá ṣe ẹ̀dà lọ́jọ́ Ẹtì." Ó ní, "Ṣebí ó ti wà nínú kọ̀ǹpútà? Ìwọ tó ń ṣọ́ ọ gan-an ò gbà á gbọ́?"

Mo padà sídìí ẹ̀rọ mi.

Ọjọ́bọ̀, 20 Júláì

Mi ò mọ bí mo ṣe fẹ́ kọ èyí.

Òjò ńlá bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn aago kan. Omi ń fẹ́ wọ ẹnu ọ̀nà. Aago méjì lù, Ọ̀gá ké sí mi, mo tẹ ìkìlọ̀, mo lọ wo ilẹ̀. Kò sí sálúbàtà. Inú mi tilẹ̀ dùn pé Bàbá ti tètè parí lónìí. Mo yọ dísìkì.

Bàbá wà nínú. Hùmúàní, nígbà tó ń jáde, rí i pé òjò ń ta sí bàtà Bàbá. Ọmọ tí wọ́n kọ́ dáadáa ni. Ó gbé e, ó fi aṣọ nù ún, ó sì tọ́jú rẹ̀ sí abẹ́ àga Bàbá kó má bàa tutù. Ohun tí ọmọ gidi yóò ṣe fún àgbà ló ṣe.

Dísìkì náà kò ṣeé kà mọ́. Ẹ̀dà ọjọ́ Ẹtì tó kọjá nìkan ló kù. Gbogbo ohun tí wọ́n tẹ̀ láti ọjọ́ Ajé ti lọ, káàdì wọn sì ti di eérú lẹ́yìnkùlé.

Ọ̀gá pariwo títí ohùn rẹ̀ fi há. Hùmúàní fẹ́ sọ̀rọ̀, Bàbá gbé ọwọ́ sókè sí i. Ó ní, "Ọ̀gá, èmi ni mo gbé bàtà mi wọlé. Ẹ má bínú." Mo ní èmi ni mo yọ ọ́ tí mi ò yọjú sínú yàrá. Ọ̀gá ní kí a má sọ ọ́ di eré, pé òun mọ ẹni tó ń fa iṣẹ́ sẹ́yìn.

Mo sunkún nínú bọ́ọ̀sì láti Ọjọ́ta dé Kétu. Ẹni tó jókòó tì mí rò pé èèyàn mi ló kú.

Ọjọ́ Àìkú, 23 Júláì

Mátírọ́ọ̀nù kò bá wa jà. Ì bá dára kó jà. Ó kàn ní kí wọ́n kéde ní ṣọ́ọ̀ṣì wa lónìí, kí wọ́n sì kéde ní mọ́ṣáláṣí lọ́jọ́ Jímọ̀: ìyá tó bá ní ọmọ ní kílíníìkì Ìkòsì, kó gbé e wá kí wọ́n tún béèrè ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Bí àlúfáà ṣe ń kà á, ńṣe ni mò ń wo ilẹ̀.

Ọjọ́ Ajé, 24 Júláì

Mo lọ bá Bàbá kó tó jókòó. Mo kúnlẹ̀ sí iwájú rẹ̀ níbi tó ti lè rí ẹnu mi, mo sọ̀rọ̀ díẹ̀díẹ̀. Mo ní, "Bàbá, kí ni ohun tí ẹ ò lè tẹ káàdì láìsí?"

Ó ronú. "Awò ojú mi ni. Láìsí i, ìwọ gan-an, òjìji ni mò ń rí."

Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, tí ẹ bá parí lọ́sàn-án, tí ẹ bá ti pa káàdì dé, ẹ bá mi fi ọwọ́ ara yín gbé awò náà sórí ìdérí ẹ̀rọ. Bí mi ò bá rí i níbẹ̀, mi ò ní ṣí i, ìbáà jẹ́ ọba ló ń dúró."

Ó wò mí títí. Mo rò pé ó fẹ́ bínú. Ó wá ní, "Nítorí pé mi ò gbọ́ ni, àbí?" Ó fi ọwọ́ kàn mí lórí. "Dìde, ọmọ mi. Ó dára bẹ́ẹ̀."

Hùmúàní ní òun ò ní awò, kí ni òun máa gbé wá? Ó kúrú, orí ìrọ̀rí ló máa ń jókòó kó tó lè rí tábìlì. Mo ní kó gbé ìrọ̀rí náà wá. Ní aago méjì, awò àgbàlagbà àti ìrọ̀rí olódòdó wà lórí ẹ̀rọ tí wọ́n fi ọkọ̀ òkun gbé wá. Àwọn onítáyà ń wò wá bíi wèrè. Kí wọ́n máa wò.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 5 Ọ́gọ́sì

Bàbá ń lọ sí kílíníìkì láràárọ̀ Sátidé, ẹnikẹ́ni ò rán an. Mo tẹ̀ lé e lónìí. Àwọn ìyá tò dé ojú títì, wọ́n pọn ọmọ. Bàbá ń bi wọ́n ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, wọ́n ń pariwo ìdáhùn sí i létí, ó ń kọ ọ́. Lẹ́yìn ẹni kọ̀ọ̀kan, yóò béèrè: "Ṣé wọ́n fi pupa kọ nǹkan sórí káàdì ọmọ yìí rí?" Ọmọbìnrin oṣù Júùnù yẹn ló ń wá. Kò tíì rí i.

Wọ́n ní ọ̀la ni àwẹ̀ yóò bẹ̀rẹ̀.

Ọjọ́bọ̀, 17 Ọ́gọ́sì

Iná lọ lẹ́ẹ̀mejì láàárọ̀, nítorí náà Bàbá pẹ́. Ó ń gbààwẹ̀, ojú rẹ̀ ti wọnú. Ìrọ̀rí ti wà níbẹ̀, awò kò tíì sí. Ọ̀gá tìkára rẹ̀ wá, ó fẹ́ tẹ bọ́tìnnì tó ń dá ẹ̀rọ dúró. Mo gbé ara mi sí àárín.

"Kúnbi, kúrò níbẹ̀."

"Awò Bàbá kò tíì sí níbí, sà."

"Awò? Àwọn èèyàn wọ̀nyí ló ń sanwó oṣù ẹ! Ṣé awò bàbá arúgbó kan ló máa sọ ìgbà tí màá ṣiṣẹ́ nínú ilé mi?"

Mo ní, "Ẹ máa bínú sí mi, sà, ẹ má tẹ̀ ẹ́." A dúró bẹ́ẹ̀. Lẹ́yìn náà Bàbá jáde pẹ̀lú ẹsẹ̀ lásán, ó ń fọwọ́ tẹ̀ lé ògiri, ó gbé awò sórí ìdérí, ó ní, "Mo ti parí o." Kò mọ̀ pé ìjà ti wáyé. Ọ̀gá wò ó láti òkè dé ilẹ̀, ó yí padà sọ́dọ̀ àwọn onítáyà. Ìwò yẹn ni mi ò fẹ́ràn.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 29 Ọ́gọ́sì

A ti parí! Káàdì tó gbẹ̀yìn wọlé kí aago méjì tó lù. Àpò ti ṣófo. Àwọn tó jóná, èyí tó pọ̀ jù nínú wọn ti padà wá láti ẹnu àwọn ìyá wọn. Ọjọ́ Ẹtì ni Mátírọ́ọ̀nù yóò wá wo iṣẹ́ náà. Bàbá gbé awò sórí ìdérí, ó ní, "Àlùhámúdùlílàhì." Mo ń yọ dísìkì lọ́wọ́ nígbà tí Ọ̀gá pe Bàbá sí kọ̀rọ̀ lẹ́bàá àtẹ̀gùn. Mo rí i tí ẹnu Ọ̀gá ń mì, ó ń wo ojú fèrèsé, Bàbá ń mi orí. Mo gbọ́ tí Bàbá ní, "Mo ti gbọ́. Ẹ ṣeun, ẹ ṣeun gan-an ni." Ó rẹ́rìn-ín.

Ó dá mi lójú pé Ọ̀gá ń dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Mo ní lọ́kàn ara mi pé, ó tún níwà díẹ̀. Bàbá gba awò rẹ̀, ó ki ẹsẹ̀ bọ sálúbàtà, ó ní ó dàárọ̀.

Ọjọ́rú, 30 Ọ́gọ́sì

Nígbà tí mo dé láàárọ̀, sálúbàtà dúdú ti wà lẹ́nu ọ̀nà. Ọ̀gá dúró tì í, ó ń wò ó bí ẹni rí ejò.

Ó ní, "Kí ni bàbá yìí wá ṣe? Ṣebí mo sọ fún un lánàá pé iṣẹ́ rẹ̀ ti parí? Mo ní kó má wá mọ́. Ó ní òun gbọ́, ó tún ń dúpẹ́ lọ́wọ́ mi."

Mo ní, "Ibo lẹ dúró sí nígbà tí ẹ ń sọ ọ́, sà?" Kò yé e. Ó ní kí n lọ sọ fún un, òun ò ní lè máa pariwo mọ́ àgbàlagbà. Ọ̀la kọ́, òwúrọ̀ yìí, kó tó di pé àwọn onítáyà dé. Ìtúnu Àwẹ̀ ku ọjọ́ díẹ̀. Dísìkì lásán, a máa ń kìlọ̀ fún gbogbo èèyàn kí a tó yọ ọ́.

Mo wọlé. Bàbá ti jókòó, ojú rẹ̀ ń dán bíi ti ọmọdé tó rí ẹ̀bùn. Ó na bébà kan sí mi. "Kúnbi, mo rí i! Ọmọ bírò pupa! Ajarat lorúkọ rẹ̀. Lálẹ́ àná ni ìyá rẹ̀ gbé e wá bá mi nílé, ní kété tí a ṣínu tán. Ata ni ó ń tà ní Máìlì Twelve, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ìrìn àjò dé ni, kò tètè gbọ́ ìkéde; kílíníìkì ló júwe ilé mi fún un. Pẹnisílíìnì fẹ́ pa ọmọ náà lọ́dún tó kọjá. Gbé dísìkì sí i fún mi, jẹ́ kí n fi í sí i."

Mo lọ gbé dísìkì kílíníìkì sí i. Ọ̀gá yọjú, mo ní kó jọ̀ọ́ kó fún mi ní ìṣẹ́jú díẹ̀, mo sì ti ilẹ̀kùn.

Mo padà sínú yàrá, mo jókòó sílẹ̀ lẹ́bàá àga rẹ̀. "Bísímílà." Ìka méjì. A, J, A. Ó ń wo bébà, ó ń gbé awò sókè sódò. Mo fẹ́ kó máa falẹ̀ bẹ́ẹ̀ títí di alẹ́. Ó dé ibi ìkìlọ̀ pẹnisílíìnì, ó tẹ̀ ẹ́ ní lẹ́tà ńlá, ó kà á sókè fún mi. Ó pa káàdì náà dé. Mo rí i fúnra mi pé ó pa á dé.

Nígbà náà ni mo kúnlẹ̀ síwájú rẹ̀ níbi tó ti lè rí ẹnu mi.

Bàbá wo ojú mi, ó rí omi tó wà níbẹ̀. Kò bi mí léèrè. Ó rọra bọ́ awò ojú rẹ̀, ó fi etí agbádá nù ún, ó sì na ọwọ́ láti fi lé mi lọ́wọ́. "Ó ti tó àkókò, àbí? Ẹ fẹ́ yọ dísìkì."

Mo di ọwọ́ rẹ̀ mú pẹ̀lú awò náà nínú rẹ̀. Mo ní, "Bàbá, ẹ kọ́kọ́ wọ̀ ọ́ padà. Kì í ṣe dísìkì."